Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

Ó tún kú.
Kò kú tán o. Ó kú, ó jí,
ó la ojú búlúù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí
bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ọyẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá bá wa ní Ẹfọ̀n,
ètè ti sán, ilẹ̀kùn ti gbẹ, ó ń han.
Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru Nẹ́pà.
Ta ni kì í di ẹ̀bi rù wọ́n?
Ṣùgbọ́n gílóòbù ò ṣẹ́jú,
fáànù òkè ò sinmi ariwo rẹ̀,
kọ̀ǹpútà nìkan ló ń dákú.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo kì í bọ ihò mìíràn.
Mo yá wáyà lọ́wọ́ Alàgbà Fálégan,
ó ní, "Ẹ gbàdúrà sí i pẹ̀lú."
Mo gbàdúrà sí i.
Mo ń ṣe àmín lọ́wọ́ ni ó tún lọ.
Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni. Mo fún un ní oògùn fáírọ́ọ̀sì;
oògùn ò tíì dé ìdajì ara
tí aláìsàn fi sùn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo wá bọ́ aago ọwọ́ Bàbá wa,
mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Mo jẹ́ kó sinmi, mo tún un tàn. Mọ́kànlá.
Mo tàn án láìjẹ́ kó sinmi: mẹ́rin péré.

Lẹ́tà kan ni mo ń kọ,
sí Òmùò, ìpẹ̀kun Èkìtì lọ́hùn-ún,
sí Ìbídùnní àbúrò mi, tí a jọ mu ọmú kan náà,
tí n kò fojú kàn
láti ọdún tí mo ta oko obì láìsọ fún un.
Ìkíni kì í bàjẹ́.
O kú ọyẹ́, o kú iṣẹ́, àwọn ọmọ ńkọ́,
gbogbo ìyẹn ń wọlé wẹ́rẹ́.
Mo ń dé ibi "Oko Bàbá yẹn"
ni ìṣẹ́jú mọ́kànlá ń pé.

Bọ́lájókòó dé nírọ̀lẹ́,
ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, atúnfóònùṣe,
òun, ìtúdè kan, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.
"Ẹ kú ulé o."
Kò tilẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́
bí abiyamọ tó ń wo ibà:
"Ara rẹ̀ gbóná, Bàbá."

Ó tú ìdè mẹ́rin, ó ṣí ìhà rẹ̀.
Òwú àràbà!
Òwú igi tó wà lẹ́yìn ilé wa,
tó ń gba ojú fèrèsé fò wọlé lọ́dọọdún,
òun àti eruku ọyẹ́
ti hun ẹní dí ẹnu fáànù kékeré náà.
Èèpo ẹyin ọmọńlé méjì wà níbẹ̀,
àwọn ọmọ ti pa, wọ́n ti lọ.
"Kò rí èémí mí ni. Ẹ má bú u.
Bó ṣe ń kú yẹn, ara rẹ̀ ló ń gbà là."

Ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ ẹ. Ó yọ pátákó ìrántí rẹ̀,
tínrín bí bisikíìtì,
ó fi ìréésà ọmọ iléèwé ha eyín rẹ̀ mọ́.
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà,
n kò mọ̀ pé ohun tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́
lè tún ìrántí ṣe.
Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì, ó lọ.

Mọ́kànlá kọjá. Ogún. Ọgbọ̀n.
Mo ń retí kó kú.
Mo dìde, mo ti fèrèsé,
mo lọ wo omi tí n kò gbé kaná.
Mo padà dé. Ó ṣì wà láàyè,
ìlà kékeré náà ń ṣẹ́jú
lẹ́yìn "Oko Bàbá yẹn",
ó ń dúró dè mí.

Ìbídùnní,
iná wà lónìí.
Kò sí nǹkan kan tó ṣe kọ̀ǹpútà mi.